Kókó Inú Bàǹtẹ́ Bàbá Mi

Bí obìnrin tí o kò rí rí bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ìsẹ́yìn lóde òní, tó ní bàǹtẹ́ tí ọmọkùnrin ti wọ̀ rí ni òun ń wá, ó yẹ kí ara fu ọ́. Ara fu èmi. Ta ni kò tíì gbọ́ nípa àwọn tó ń jí pátá kiri nítorí owó òjijì? Àwọn ìyá àdúgbò wa kì í sá aṣọ ìdí ọmọ wọn síta mọ́. Mo gbé àlùmọ́gàjí mi sílẹ̀, mo wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ tuntun ló fẹ́, mo lè gbìyànjú láti rán an.

"Èyí tí wọ́n ti wọ̀ ni mo fẹ́, bàbá," ló wí. "Èyí tó bá gbó jù ló dáa jù."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lójú mi.

Ó ní Tóyìn ni orúkọ òun, pé tíṣà ni òun ní ilé ìwé kan ní Ṣakí, pé àwọn fẹ́ to aṣọ ọmọdé ayé àtijọ́ sínú yàrá kan kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí àwọn baba ńlá wọn wọ̀. Mo bi í ní ìlú rẹ̀, mo bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, mo bi í léèrè ẹni tó júwe mi fún un. Kò sí èyí tí kò dáhùn. Bó ṣe ń dáhùn láì ronú ni ìfura mi ń pọ̀ sí i. Mo ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kó má padà wá.

Ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ télọ̀ ló sọ mí dà báyìí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Òkèhò kì í gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà láì wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, bó bá sì rán an tán, yóò ká gbogbo àjákù rẹ̀ sínú àpò aṣọ náà. Ó ní kò sí oníbàárà tí kò gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé télọ̀ ti jẹ nínú aṣọ òun. Èmi náà kò gba oníbàárà gbọ́, nítorí mo ti rí ẹni tó sanra láàárín ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n sí ọjọ́ tó wá gbé aṣọ, tó sì búra pé èmi ni mo gé e kéré.

Aṣọ ọmọkùnrin ni mo ń rán jù, níkà ilé ìwé àti dàńṣíkí ọdún Iléyá. Ṣùgbọ́n bàǹtẹ́ ti kọjá lọ kí n tó gba iṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ohun tí àwọn àgbà sọ lọ. Wọ́n ní láyé ọjọ́un, ìhòòhò ni ọmọkùnrin kékeré ń rìn, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí ojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, tó ti ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sóko, ni wọ́n á wá so bàǹtẹ́ fún un: kíjìpá tóóró, aṣọ nínípọn tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé, tí wọ́n á fà gba àárín itan, tí wọ́n á sì fi okùn dè mọ́ ìbàdí. Òun náà ni aṣọ òkè, òun náà ni ti abẹ́. Ìgbà tí ọmọ bá tó ní ṣòkòtò, tó sábà máa ń jẹ́ àgékù ti bàbá rẹ̀, ni bàǹtẹ́ á wá wọ abẹ́ lọ, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí pátá ń ṣe lónìí.

Síbẹ̀, bó bá padà wá, tuntun ni mo fẹ́ rán fún un, mo bá lọ bá Ìyá Rábì, àbúrò bàbá mi, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ìran wọn nílé wa. Bí wọ́n ṣe ń so ó ni mo fẹ́ béèrè. Wọ́n ní kì í ṣe kí n máa béèrè, pé ọ̀kan wà nínú àpótí wọn, ti bàbá mi ni. Ẹnu yà mí. Wọ́n sì tẹjú mọ́ mi.

"Àkànní, kí lo fẹ́ fi aṣọ ìdí bàbá rẹ ṣe?"

Èmi tí mo ti ń fura sí àlejò láti àárọ̀, àbúrò bàbá mi ti wá ń fura sí mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tíṣà náà fún wọn, mo búra. Wọ́n ní báyìí náà ni àwọn tó ń jí pátá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n gbà pé kí n wo ti bàbá mi rán òmíràn, ṣùgbọ́n inú yàrá wọn ni, lójú wọn, bàǹtẹ́ náà kò sì ní kọjá ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo padà wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di etí kan rẹ̀ mú bí mo ṣe ń fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó kéré. Bàbá mi ga, a kì í lè sọ̀rọ̀ níwájú wọn, síbẹ̀ wọ́n ti sáré kiri rí nínú aṣọ tí kò tó apá mi yìí. Àánú wọn ṣe mí lójijì, omi sì lé sí mi lójú.

Ìka mi wá kan ohun líle kan níbi ìdí rẹ̀, lábẹ́ àlẹ̀mọ́ aláró kan. Ó rí kókó kókó. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn ará ìgbàanì máa ń rán oògùn mọ́ aṣọ ọmọ. Mo ní kí n tú àlẹ̀mọ́ náà wò. Ìyá Rábì já bàǹtẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

"Má tú u."

Ojú wọn ti yí padà. Ó wá dá mi lójú pé mo ti mọ ìdí tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ pamọ́ láti ọdún pípẹ́ wá. Mo sọ ọ́ gbangba pé bí oògùn bá wà nínú rẹ̀, n kò ní rán irú rẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni wò, àti pé ó yẹ kí Àlùfáà bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kókó òwú ni," wọ́n wí. "Èmi ni mo rán an."

Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bàbá mi gun igi igbá, èyí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, láti já èso náà fún àwọn, ni ẹ̀ka bá fa bàǹtẹ́ ya. Ẹ̀rù ìyá wọn ń ba àwọn méjèèjì. Ìyá Rábì, ọmọdébìnrin nígbà náà, gé etí ìró ara wọn, wọ́n yọ́ mú abẹ́rẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́. Wọn kò mọ bí a ṣe ń parí òwú, wọ́n bá ń ta kókó lé kókó. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ aṣọ rírán ti wù wọ́n. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi àwọn sẹ́nu iṣẹ́ náà, àwọn àgbà ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Nígbà tí mo sọ pé télọ̀ ni mo fẹ́ ṣe, bàbá mi wá bá wọn ní yàrá, wọ́n ní, "Ọmọ yìí fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ." Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń yangàn pé èmi ni mo kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́ nílé wa. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, n kò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Mo rán tuntun náà tán, mo fà á lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀, wọ́n ní kò tíì pé. Mo bá wọn fi òwú sí abẹ́rẹ́. Wọ́n gé díẹ̀ létí ìró tó wà lára wọn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ìdí, ó wọ́, ó sì nípọn, wọ́n ta kókó lé kókó. Èmi tí n kì í gba ojú rírán wíwọ́ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kankan, mo jókòó, mo ń wò wọ́n.

Tóyìn padà wá lóòótọ́. Ó yẹ bàǹtẹ́ náà wò, ó fọwọ́ pa á, ìka rẹ̀ sì kan kókó. Ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ rán sínú rẹ̀?"

"Ìyá Rábì ló rán ibẹ̀," mo ní. "Àwọn ni télọ̀ àkọ́kọ́ nílé wa."