Omi Tí Wọ́n Fún Mi Nínú Ọgbà Ààfin

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló rí i, ojú náà kò sì tíì bàjẹ́, torí títí di òní mo ṣì ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ láìlo dígí. N kì í mu ọtí. N kì í purọ́ pẹ̀lú, àfi tí oníbàárà bá bi mí ìgbà tí aṣọ rẹ̀ máa jáde. Gbogbo aránṣọ ló ń pa irú irọ́ yẹn, Ọlọ́run ti mọ̀ wá mọ́ ọn.

Ifangni níbí ni mo ti ń ránṣọ. Ọkọ mi ti kú. Àwọn ọmọ mi ti bá tiwọn lọ: ọkùnrin wà ní Kùtọnu, obìnrin wà ní Libreville. Ilé tí a kọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, èmi nìkan ni mò ń rìn kiri inú rẹ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń gbọ́.

Ọmọ mi obìnrin yìí ló pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní jíjókòó tí mò ń jókòó sílé ṣáá kò dáa. Ó ti rí i lórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n ti ṣí ààfin àtijọ́ kan tó wà lọ́nà Daagbé fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ó ní, "Màmá, ẹ lọ ṣe vizíìtì níbẹ̀ ná. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

Mo ní dákọ̀, mo gbà. Ká sòótọ́, nítorí fọ́tò yẹn ni mo ṣe lọ, kí ó lè tún rí ìdí tó fi máa pè mí.

Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gun alùpùpù zémijàn, ó di ẹnu géètì ààfin.

Ẹ gbà mí gbọ́, ilé náà ṣeé wò. Ọba kan tó ti wàjà tipẹ́tipẹ́ ló ní kí àwọn Àgùdà kọ́ ọ fún òun, àwọn ọmọ ẹrú tó padà dé láti Brazil, tí wọ́n já fáfá nínú iṣẹ́ bíríkì. Wọn kò fi ibì kankan sílẹ̀ láìṣe ọ̀ṣọ́ sí i. Àwọn òpó yí bí irun tí a fi òwú dì. Òdòdó sìmẹ́ńtì wà lórí fèrèsé, kìnnìún wà lórí òdòdó, àwọn ọmọ áńgẹ́lì ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ sì wà lórí kìnnìún. Èmi aránṣọ, mo mọ ẹni tí lésì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo rẹ́rìn-ín. Mo yíjú kí n sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀, gaadíyẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí n máa wo ilé náà fúnra mi, òun fẹ́ lọ jẹun lódìkejì títì, kò sì sí àlejò mìíràn nínú ilé. Ó ní tí mo bá ti rìn yíká tán, kí n jáde, kí n má jókòó sínú ọgbà ní ọ̀sán gangan. Mo rò pé oòrùn ló ń wí.

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í wọlé onílé láìkágò. Mo mọ̀ pé ilé ṣófo, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti mọ́ ọn lára. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ní, "Àgò o." Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo wọlé.

Yàrá pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí mo lè kà lọ. Eruku, dígí tó ti pọ́n, àga tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé. Ìró bàtà mi nìkan ni mò ń gbọ́, ó ń lọ níwájú mi láti yàrá dé yàrá. Ó rán mi létí ilé mi débi pé mo yára jáde sẹ́yìn.

Ẹ̀yìn yẹn ni ọgbà wà. Wọ́n la ọ̀nà tóóró tóóró sáàárín òdòdó, gbogbo rẹ̀ tọ́ bí ohun tí a fi rúlà fà. Ibi tí wọ́n gbẹ́ fún omi wà láàárín, ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ ló kún inú rẹ̀. Àga sìmẹ́ńtì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ya fọ́tò. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo jókòó.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa. Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Ìró alùpùpù tí mo ti ń gbọ́ láti ojú títì, òun náà dákẹ́.

Mo gbójú sókè, obìnrin kan ń bọ̀ láti apá ilé ìdáná tó wà ní igun ọgbà. Ó ró aṣọ aró mọ́ àyà, ó gbé igbá omi lọ́wọ́ méjèèjì. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Etí aṣọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ojú abẹ́rẹ́ wínníwínní. N kò rí irú rẹ̀ mọ́ látìgbà tí ìyá ìyá mi ti kú.

Ó ní, "Ẹ kú ìrìn."

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé omi fún àlejò á kọ́kọ́ mu níbẹ̀, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Obìnrin yìí mu. Mo rí i tí ọ̀fun rẹ̀ ń gbé omi mì. Nígbà tó na igbá sí mi, omi náà kún dé etí gẹ́gẹ́ bó ṣe gbé e dé.

Mo rí i o. Mo rí i, mo sì mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Látọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, kò sí ẹni tó gbé omi fún mi rí.

Omi náà tutù bí omi àmù. Ó jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bí a ti í bi àlejò: ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọkọ ńkọ́. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn lọ. Mo fẹ́ sọ pé a dúpẹ́, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń sọ.

Ó ní, "Ọmọ ńkọ́, ọmọ mi?"

Ẹni tí mo lè bí lọ́mọ ló pè mí lọ́mọ. Ó yẹ kí n sá lọ nígbà yẹn, àbí? Ẹkún ni mo bú sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bí mo ṣe ń se oúnjẹ tó pọ̀ jù, bí mo ṣe ń gbé fóònù lọ sí balùwẹ̀ kí ìpè má baà kọjá mi. Mo sọ fún un pé mo dá wà, pé ó ti ń sú mi. Ó ń gbọ́. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Èmi náà. Wọ́n ń wá, wọ́n ń wo ilé, wọ́n ń lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kágò."

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí. Mo dìde, mo dúpẹ́ omi, mo sì sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ tí a bá fẹ́ kúrò nílé onílé. Mo ní, "Ẹ yà sílé wa lọ́jọ́ kan o."

Ẹ̀yin náà ń sọ ọ́. Onílé á ní òun á yà, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Obìnrin yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Níbo ni?"

Mo júwe ilé fún un. Mo dárúkọ àdúgbò, mo ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni, mo tilẹ̀ fi ọwọ́ tọ́ka sí apá ibẹ̀.

Gaadíyẹ̀ ti padà dé nígbà tí mo dé géètì. Ó bi mí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní obìnrin tó gbé omi fún mi ni. Bàbá náà kò pariwo. Ó ní òrùlé ilé ìdáná ti wó tipẹ́, wọ́n sì ti dí kànga rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ẹ júwe ilé fún un?"

Mo ní mo júwe. Ó ní ọkùnrin kan tó wá ṣáájú mi, òun náà jókòó sínú ọgbà, ó sì júwe. Mo bi í pé kí ló ṣe ọkùnrin náà. Ó ní ilé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ni, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́.

Mo fi fọ́tò ọgbà ránṣẹ́ sí Libreville. Ọmọ mi fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Kò pè.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo wà nídìí ẹ̀rọ mi lọ́sàn-án, àwọn ẹyẹ dákẹ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ohùn jẹ́jẹ́: "Àgò o." Mo yọjú láti fèrèsé, n kò rí ẹnì kankan. Àtìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ni. Ọmọlúàbí ni, kì í wọlé láìjẹ́ pé onílé sọ pé àgò yà. N kò tíì sọ ọ́. Mo máa ń fi eyín di ètè mi mú.

Ṣùgbọ́n lánàá, kò fi mọ sórí àgò. Ó wá ní, "Ọmọ ńkọ́?"

Tí ẹ bá dé ààfin yẹn, ẹ wo òdòdó, ẹ wo kìnnìún, ẹ máa lọ. Ẹ má pe ẹni tí ẹ kò mọ̀ wá sílé. Ẹ̀yin tí ìyá yín sì ń dá gbé, ẹ máa pè é lọ́sàn-án. Ọ̀sán ni kí ẹ pè é, ẹ gbọ́?

Àwọn ẹyẹ ti dákẹ́ báyìí. Fóònù mi wà lórí tábìlì, kò dún. Mo ti bu omi sínú igbá, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dáhùn o. Àlejò kì í wá láti ọ̀nà jíjìn kí a má fún un lómi.