Àbíkẹ́yìn Wa Di Àkọ́bí ní Snellville

Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan. Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ẹni tí èmi àkọ́bí wẹ̀ fún, tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, òun ni odindi àgbàlagbà ń pè ní ẹ̀gbọ́n ní Snellville, ní Amẹ́ríkà níbí, báyìí. Ọkùnrin tó ti hu ewú! Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ dára, ó sì gùn, ṣùgbọ́n mi ò ní dá a síbí, kó má lọ sọ pé mo tún ti ń tú òun síta. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn. Àbíkẹ́yìn là ń pè é, iṣẹ́ àbíkẹ́yìn náà ló sì ń ṣe: kó jẹ, kó sùn, kó sunkún tí wọ́n bá ní kó gbálẹ̀. Tí àwo tó dọ̀tí bá ti kún sink báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń wà títí èmi á fi fọ gbogbo ẹ̀ tán. Ọ̀lẹ lásánlàsàn! Síbẹ̀, èmi yìí kan náà ni mo máa ń bá a fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì, kí àwọn tó kù má baà rí i.

Ó wá lọ fẹ́ ọmọ ará Malaysia. Mọ́sálásí ni wọ́n ti pàdé, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ìṣínu nínú oṣù Ramadan. Ọmọbìnrin náà ni àkọ́bí ilé wọn. Nínú ẹbí wọn, wọn kì í sáré pe ara wọn lórúkọ. Ipò tí wọ́n bí ọ sí ni wọ́n á fi máa pè ọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ọ, ipò rẹ náà lòun máa jókòó sí. Bí àbúrò mi ṣe di Abang Long nìyẹn: abang ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, long ni àkọ́bí. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí kò lè fọ ṣíbí kan di àkọ́bí ilé onílé.

Mi ò lọ síbi yìgì wọn. Mo ní mo ní shift nílé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Marietta. Irọ́ ni. Inú ló ń bí mi pé àbíkẹ́yìn wa lè fò mí dá, kó lọ fẹ́ ìyàwó tí mi ò bá a yẹ̀ wò, láàárín àwọn tí mi ò gbọ́ èdè wọn. Ni mo bá lọ bẹ ọ̀gá tó ń pín shift pé kó fún mi ní Saturday yẹn. Àfi bí ọkọ ìyàwó ṣe dé bá mi níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, tòun ti aṣọ yìgì lọ́rùn, tó gbé ìrẹsì àti ẹran lọ́wọ́. Ó ní Àǹtí òun ò gbọdọ̀ má jẹ nínú ẹ̀. Ọ̀gá wa bojú wò ó, ó ní, “Ṣé ìwọ ni ọkọ ìyàwó? Kí ló wá dé tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi ń bẹ̀ mí fún shift òní?”

Kò bá mi jà. Ó gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, ó sì lọ. Mi ò lè jẹ ẹ́. Inú fridge ló bàjẹ́ sí. Láti ọjọ́ náà, “Àǹtí mi” ò jáde lẹ́nu ẹ̀ mọ́. “Good afternoon, ma” ni, bí ẹni ń kí obìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní bank. Ọdún mẹ́fà gbáko! Èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń bẹ àbúrò? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Mò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ kiri ni, Abang Long lọ́tùn-ún, Abang Long lósì. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó ń wù mí kó tún pè mí ní Àǹtí mi. Ó ń wù mí débi pé mo ti sunkún sí i nínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún yìí, ìyá wa, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, múra tán láàárọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Snellville ni mò ń lọ. Ìwọ lo máa gbé mi lọ, o ò sì ní dúró sínú mọ́tò.”

Bàtà kún ẹnu ọ̀nà wọn bámú. Mo wọlé, ta ni mo rí nídìí sink? Àbíkẹ́yìn wa ni o! Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ró aṣọ kékeré kan lé ṣòkòtò, ó ń fọ àwo. Inú ò sì run ún. Ó ní, “Good afternoon, ma.”

Ilé yẹn ní àṣà kan lọ́jọ́ ọdún. Àwọn àgbà á jókòó, àwọn tó kéré á máa kúnlẹ̀ níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á di ọwọ́ wọn mú, wọ́n á tọrọ àforíjì. Àgbà náà ò ní kàn máa mi orí o. Òun náà gbọ́dọ̀ ní, “Forí ji èmi náà.” Wọ́n fi mí jókòó sáàárín ìyá wa àti ìyá ìyàwó. Ọkọ àbúrò ìyàwó, onírun ewú tí mo wí, kúnlẹ̀ fún àbúrò mi, ó ní, “Abang Long.” Mo fi ìborùn bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kékeré kan wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ọmọ àbúrò mi ni, ọmọ ọdún márùn-ún. Fótò nìkan ni mo ti ń rí i. Ó gbé ọwọ́ mi síwájú orí ẹ̀, ó ní, “Mak Long.”

Mo bi í pé kí ni Mak Long. Ó ní, “Àǹtí tó jẹ́ àkọ́bí. Dádì ló sọ. Ó ní Mak Long mi wà ní Marietta.” Ohùn Yorùbá ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pákó. “Ó ní you're always angry, but o máa ń hide ẹran fún òun.”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé wọ́n ti pa mí rẹ́ nílé yẹn, ipò mi sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ.

Bàbá ẹ̀ ló kàn. Kò kúnlẹ̀ bíi tiwọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọwọ́ ẹ̀ ṣì tutù fún omi àwo. Ó ní, “Ẹ forí jì mí, ma.”

Ma! Ìyá wa ń wò mí. Gbogbo ilé ń dúró de ohun tí àgbà máa ń sọ. Mo fẹ́ ní, “Dìde jàre, àbíkẹ́yìn, omi ń ro sí mi láṣọ.” Ìyẹn kọ́ ni mo ṣe. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀ tì í lórí rọ́ọ̀gì wọn.

Mo ní, “Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún shift yẹn. Forí jì mí.”

Nígbà tó gbórí sókè, ojú ẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní, “Àǹtí mi, ṣé ẹ ti jẹun?”

Mo ní rárá, mi ò tíì jẹun.