Ìdajì Àdúrà Tí Mo Mọ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó fi mí sí ẹ̀gbẹ́ àgbàlagbà kan nígbà èwe mi. Ọpẹ́ sì ni fún Màríà, Ìyá wa, tí a kò ké pè lásán rí nínú ilé wa.

"Kúnlẹ̀ dáadáa, ìwọ ọmọ Kàdúná. Ẹsẹ̀ rẹ kò tíì kán."

Ìyá bàbá mi, tí mo ń pè ní màmá, nìyẹn, nígbàkígbà tí wọ́n bá rí i pé mo ti jókòó lé gìgísẹ̀ mi. Oòrùn á ti máa wọ̀ lórí Sabon Tasha, àdúgbò wa. Òórùn kósáí, àkàrà àwọn Hausa, tí ìyá ẹnu ọ̀nà wa ń dín á gba ojú fèrèsé wọlé, á dà pọ̀ mọ́ ti òrí tí màmá fi pa ẹsẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹní síwájú àwòrán Màríà tí wọ́n gé lára kàlẹ́ńdà àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri. Igi ni ilẹ̀kẹ̀ rosari wọn, ṣùgbọ́n òrí ọwọ́ wọn ti sọ ọ́ di dúdú, ó ń dán bí ekùrọ́.

Àwọn ni í bẹ̀rẹ̀: "Mo kí ọ, Màríà, o kún fún oore-ọ̀fẹ́." Èmi á gbè é: "Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run." A ń ṣe é bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan, tiwọn á lọ, tèmi á bọ̀.

Hausa ni mo máa ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́, àní sí màmá pàápàá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín: "Ọlọ́run gbọ́ Hausa. Èmi ni mi ò gbọ́." Lórí ẹní yẹn, Yorùbá nìkan ni. Bàbá mi ni wọ́n sì ń gba àdúrà náà fún. Awakọ̀ ni wọ́n, láti gáréèjì Kàwó sí Kánò, àlọ àti àbọ̀. "Ọ̀nà kò mọ ọmọ ẹni," màmá máa ń wí. Wọn kì í fẹnu kan oúnjẹ alẹ́ láìtíì ka rosari.

Ní ọdún kan, ọyẹ́ gba ohùn màmá pátápátá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnìkan ti Kàwó wá sọ fún wa pé bọ́ọ̀sì kan ti dojú dé lọ́nà Zaria, ọ̀nà tí bàbá mi ń gbà lọ sí Kánò. Kò mọ ti ẹni tí í ṣe. Fóònù kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà, a kò sì rí ẹni bi. Màmá tẹ́ ẹní ṣáájú àkókò.

Wọ́n lanu, ohùn kò jáde. Wọ́n tún gbìyànjú, ikọ́ ló dé. Wọ́n fọwọ́ tọ́ mi léjìká, wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ìwọ bẹ̀rẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n. Gbígbè ni iṣẹ́ mi látìgbà tí mo ti mọ ẹní. Mo mọ ìró apá tiwọn bí mo ṣe mọ ìró ẹsẹ̀ bàbá mi, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kò gbé e rí. Bí mo bá ti dé "o kún fún," á dàrú. Ti Hausa tí wọ́n kọ́ wa ní kátíkísìmù nìkan ni mo mọ̀ látòkè délẹ̀.

"Màmá, ti Hausa ni mo mọ̀."

Wọ́n wo àwòrán ara ògiri. "Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé Ìyá wa ò gbọ́ ọ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀: "Gaishe ki, Mariya." Màmá gbè é wúyẹ́wúyẹ́ ní Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, ilẹ̀kẹ̀ ń kan ara wọn. Níta, ìyá oníkósáí ti paná. Bí mo ṣe parí apá tèmi lẹ́ẹ̀kan, ohùn ọkùnrin kan dáhùn lẹ́yìn wa:

"Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run, gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀."

Bàbá mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku bo orí wọn bí èlùbọ́, ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù wọn. Mo fẹ́ fò dìde, màmá di etí aṣọ mi mú.

"A ò tíì parí."

Wọn kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n omijé ń kán sórí ilẹ̀kẹ̀. Bàbá mi kúnlẹ̀ tì wá, wọ́n sì ń bá màmá gbè é títí a fi dé òpin. Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ̀rọ̀: "Màmá, kì í ṣe ọkọ̀ mi o. Àwọn tó fara pa ni mo gbé lọ sí ọsibítù."

"Mo ti gbọ́ ohùn rẹ," ni màmá wí. "Lọ wẹ̀, kí oúnjẹ má tutù."

Nígbà tí ohùn wọn padà, wọ́n mú mi jókòó, wọ́n sì kọ́ mi ní ìdajì tó kù.

Ilẹ̀ Kogi tí a ti ṣẹ̀ wá ni màmá sùn sí báyìí. Ní Barakallahu ní Kàdúná, tí mò ń gbé, èmi ni mò ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Òyìnbó ni ọ̀kan fi ń gbè é, Hausa ni èkejì. Mi ò bá wọn jà. Bí ó bá sì ku èmi nìkan lórí ẹní, mo máa ń sọ apá ti màmá, kí n dákẹ́ díẹ̀ kí n tó gba tèmi. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo máa ń gbọ́ òórùn òrí.

Ìwọ tí o ka èyí, kí ẹni tí ò ń retí lọ́nà wọlé bá ọ ní àlàáfíà. Kí o má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúrà kan láìrí ẹni tí yóò bá ọ gbè é.