L Pupa Méjì Inú Báàgì Mi

Nínú gbogbo lẹ́tà tí òyìnbó kó wá bá wa, L ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn, òun náà ni mo sì kọ́kọ́ kórìíra. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kò ní wàhálà: igi kan dúró, igi kan dùbúlẹ̀, ó parí. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ìpọ̀nrí, ló kọ́ mi kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé rárá. Á ní kí n jókòó sílẹ̀, kí n na ẹsẹ̀ mi síwájú, kí ẹ̀yìn mi dúró gbọnrangandan. Á wá ní, "Wo ara ẹ. L nìyẹn."

Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo ń rí iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Nínú ìwé orin àtijọ́ tí bàbá mi ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Yábàá, L dúró fún àádọ́ta. Lára ẹ̀wù bọ́síkọ̀rọ̀, L ni ti ẹni tó lára. Nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n bá gbà ní Èkó, L ló ń ṣáájú rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. N ò tíì mọ L pupa.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní apá òsì, kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Akọ̀wé ìjọba ni, kì í ṣe olówó. Ohun tó fi sílẹ̀ nínú ilé tá a háyà ní Súrùlérè ò ju ìwé, rédíò kan, àti ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé kan tó rí bí ìjàpá. Nígbà tí òkú pé ogójì ọjọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ wa láti sọ̀rọ̀ ogún. Nínú ìdílé wa, aya kì í jogún ọkọ. Láyé àtijọ́, opó fúnra rẹ̀ wà lára ogún, nítorí náà, kí wọ́n tó dé ni wọ́n ti mọ ẹni tó ni ọkọ̀. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Mùṣín ni.

Ó ní, "Ọkọ̀ kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń ká sínú àpótí, ìyàwó wa. Ta ló fẹ́ wà á níbí?"

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni, ọkọ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò fi ṣe ìkà o, ọ̀rọ̀ náà ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Obìnrin tó ti lé lógójì, tí kò fọwọ́ kan sítíárìn rí! Ṣùgbọ́n àgbà ìdílé tó wá láti ilé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fún un láyè. Bó bá fi máa di ọdún òkú tó ti gba láísẹ́ǹsì, tó sì fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ yẹn wá pàdé wa, ọkọ̀ di tiẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí àbúrò olóògbé máa mú un lọ." Gbogbo wọn fara mọ́ ọn, torí pé kò sẹ́ni tó gbà pé ó lè ṣeé ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo bi ìyá mi pé, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe? Ilé ìwé yín ò kúkú jìnnà."

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣó o mọ̀ pé bàbá ẹ kì í sọ̀rọ̀ nílé? Inú ọkọ̀ yẹn ló ti máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá ti lè gbé e sí jíà báyìí, ẹnu ẹ̀ á là. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ tó fi kú, ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé ibẹ̀ yẹn lọ."

Ẹni tó kọ́ ọ ní ọkọ̀ ni àgbà dírẹ́bà kan ní ọ́fíìsì bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó máa ń wá lọ́sàn-án Sátidé, tí kì í gbà ju omi àti àkàrà lọ. Òun ló lọ bá àwọn tó ń kọ pátákó ní Ojú Ẹlẹ́gbà pé kí wọ́n kun L pupa méjì sórí páànù funfun. Ó fi wáyà de ọ̀kan mọ́ iwájú, ó de ìkejì mọ́ ẹ̀yìn, ó lọ́ wáyà náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ìyá, L yìí ni aṣọ yín. Ẹ ò gbọdọ̀ jáde ní ìhòòhò." Òfin ni: ẹni tó bá ń kọ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé L sára rẹ̀, kí aráyé mọ̀ pé láńà ni, pé kò tíì mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni aráyé ṣe mọ̀. Bá a bá ti yọ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, àwọn ọmọdé á tú jáde, wọ́n á máa sáré tẹ̀ lé wa. "Láńà! Ẹ yà fún láńà o! Láńà ò mọ bíréèkì!" Ìyá mi á juwọ́ sí wọn bí ìyàwó gómìnà. Èmi tí mo wà lẹ́yìn á rá pálá wọ abẹ́ ìjókòó.

Tó bá délé, ẹ̀kọ́ ò parí. Ó máa ń to sálúbàtà mẹ́ta sílẹ̀ níwájú àga bàbá mi ní pálọ̀: ọ̀kan ni kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ni bíréèkì, ẹ̀kẹta ni iná. Á jókòó, á di ọmọrí ìkòkò mú bíi sítíárìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀ lórí sálúbàtà. Á máa sọ ọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka tábìlì: "Tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Gbé e sí jíà. Fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tẹná." Mo rí i, mo sì ń bínú sí i. N kò ní parọ́. Ilé ìwé mi ní Yábàá, àwọn ọmọ tí dírẹ́bà ń gbé wá ló pọ̀ níbẹ̀, èmi sì jẹ́ irú ọmọ kan tó fẹ́ kí wọ́n máa rò pé mo wà lára wọn. Ọmọ tí kò ní nǹkan kan, tó ń ṣe fújà.

Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí ọjọ́ Túsìdeè kan, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún òkú pé. Ìyá mi ní, "A ó já ẹ sílé ìwé lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ á rí mi!" Inú rẹ̀ ń dùn. Èmi, yẹ̀yẹ́ tí wọ́n máa fi mí ṣe ni mo ń rò.

Èmi ni mo máa ń fọ ọkọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, bí mo ti fọ̀ ọ́ tán, mo tú wáyà iwájú, mo tú ti ẹ̀yìn, mo sì kó L méjèèjì sínú báàgì ìwé mi. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé bí wọ́n bá ti já mi sílẹ̀, kí n yọ wọ́n jáde, kí n ní mo rí wọn nílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, kí dírẹ́bà tún wọn dè. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fẹ́ kí ìyá mi fi jẹ́ ẹni tó mọ ọkọ̀ wà, lójú àwọn ọmọ ilé ìwé mi.

Òjò ń rọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Dírẹ́bà sáré wọnú ọkọ̀ láìwo iwájú, láìwo ẹ̀yìn. Ìyá mi wa ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n bí sídìí rẹ̀. Ó gba Ojú Ẹlẹ́gbà kọjá, ọkọ̀ ò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tá a dé ẹnu géètì, àwọn ọmọbìnrin méjì kan ní kíláàsì mi tó wà lábẹ́ agboòrùn yà wá bá mi. Ọ̀kan ní, "Ah-ah! Mọ́mì ẹ ló ń wakọ̀ fúnra wọn?" Ohùn rẹ̀ ò ní yẹ̀yẹ́ nínú. Ìlara ló wà níbẹ̀.

Ìyá mi bi mí láti ojú fèrèsé pé, "Ṣó o ti kó gbogbo nǹkan ẹ?"

Etí páànù ń gún mi ní ìhà láti inú báàgì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó juwọ́, ó gbé e sí jíà, ó lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí mo fi mọ ohun tí mo ṣe. Mo lè sáré tẹ̀ lé e, mo lè ké. Àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn ń wò mí, mo bá wọn wọlé.

Ẹ̀kọ́ èdè òyìnbó la kọ́kọ́ ṣe. Tíṣà kọ half, ó kọ walk, ó kọ talk, ó kọ calm sójú pátákó. Ó ní L wà nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é, kó kàn jókòó síbẹ̀. A ń ka gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Báàgì mi wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí mo délé, ọkọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi ṣì jókòó sínú rẹ̀ nídìí sítíárìn. Dírẹ́bà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó ń dán awakọ̀ wò ti ní òun ò lè dán ẹni tí kò gbé L wò, kí wọ́n gba ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn tí wọ́n sì rí gbà, ọdún òkú á ti kọjá ní oṣù kan. Àgbà dírẹ́bà yẹn ń bẹ̀bẹ̀ bí ọmọdé. "Ẹ foríjì mí, Ìyá. Ọwọ́ mi ni mo fi dè é. Wáyà yẹn ni ò lágbára, mi ò mọ̀."

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká. Ìyá mi wò mí títí, ó ní kí n lọ bu oúnjẹ mi. Mo lọ bù ú. Mo jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ ọdún òkú, àbúrò bàbá mi ló wa ọkọ̀ náà lọ. Àgbà ìdílé ní òun kẹ́dùn, ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún àbúrò bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ máa rọra gbé jíà kejì, ọkọ mi, ó máa ń le díẹ̀." Lẹ́yìn náà, ó wọlé lọ kó sálúbàtà mẹ́ta yẹn kúrò níwájú àga. Dírẹ́bà náà ò tún yà sọ́dọ̀ wa mọ́ láti ọ̀sẹ̀ ìdánwò yẹn. Mo gbà pé ìtìjú ni, pé èmi ni mo kó ìtìjú ohun tí kò ṣe lé e lórí, síbẹ̀ n ò lọ wá a.

Mo tọ́jú L méjèèjì sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Nígbà tá a kó lọ sí yàrá méjì ní Ìpọ̀nrí, mo wá wọn, n ò rí wọn. Mo ní wọ́n ti bá pàǹtírí lọ. Ọkàn mi balẹ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ra ọkọ̀ àlòkù kan, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìyá mi wá kí mi, ó gbé nǹkan kan tó fi bébà ìròyìn wé lé mi lọ́wọ́. Mo tú u. L pupa méjì ni. Wáyà ṣì wà lára wọn.

Ó ní, "Alẹ́ ọjọ́ ìdánwò yẹn ni mo rí wọn nínú báàgì ẹ. Mo jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, bóyá wàá mú wọn wá bá mi fúnra ẹ. Nígbà tá a fẹ́ kó lọ Ìpọ̀nrí ni mo yọ wọ́n nínú àpótí ẹ."

N ò lè gbójú sókè. Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

"Kí n sọ fún ta ni? Ẹbí bàbá ẹ? Kí wọ́n máa pè ẹ́ lọ́mọ tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀? Orúkọ yẹn á bá ẹ délé ọkọ. Ọkọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀."

"Bàbá dírẹ́bà ńkọ́?"

"Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì. Mo ní èmi ni mo tú u, pé ojú ń tì mí. Wọ́n bínú gan-an, wọ́n ní mo fi àárọ̀ àwọn ṣòfò. Ìdí tí wọn ò fi wá mọ́ nìyẹn." Ó gba bébà ìròyìn lọ́wọ́ mi, ó ń ká a. "Wọ́n ti kú báyìí."

Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, torí pé ìkúnlẹ̀ ò tó mi. Mo ní kó jẹ́ kí ẹni tó máa kọ́ mi ní ọkọ̀ kọ́ òun náà lórí ọkọ̀ mi, kó kọ́ wa pa pọ̀. Ó ní ojú òun ò tún dá tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó de L mọ́ iwájú, tó de ìkejì mọ́ ẹ̀yìn, tó lọ́ wáyà ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ tí mo gba láísẹ́ǹsì, òun ni mo kọ́kọ́ gbé. A gba ọ̀nà Costain. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa bá a sọ, bí bàbá mi ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò là. Nígbà tí ọkọ̀ iwájú dúró, mo tẹ bíréèkì, mo bojú wo ẹ̀gbẹ́. Ó ń wo títì, kò mọ̀ pé mo ń wo òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan. Ti òsì ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ti ọ̀tún ti tẹ bíréèkì.