Ilé Tí A Yá Torí Àna

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara mọ́ ọn bí mo ṣe kọ ọ́. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, ọwọ́ mi kò sì yá sí ìwé kíkọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo kàn fẹ́ sọ.

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà ní Bẹ́yẹrúnkà nígbà tí Ráṣí, ọmọ àdúgbò wa tó ń wakọ̀, dé ẹnu ọ̀nà wa. Èkó là ń lọ, láti pàdé bàbá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Kàmọ̀rú ní pápákọ̀ òfurufú. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni wọ́n. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kó bá wọn wá. Ilé wa jẹ́ ilé alámọ̀, ògiri rẹ̀ ti là, páànù rẹ̀ ti pọ́n. Bàbá wa bá lọ yá ilé ọ̀rẹ́ wọn kan ní Òkè-Àdó, pé ibẹ̀ la máa sọ pé à ń gbé. "Ṣé inú èyí ni kí àna bá wa?" ni wọ́n wí. Nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi rán èmi. Wọ́n ní, "Ìwọ ò lẹ́nu. O ò ní tú àṣírí."

Ọ̀nà Èkó dán ju bí mo ṣe rò lọ, àfi ibi tí tírélà ti dí i. Búrẹ́dì tí wọ́n ń gbé sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ti di ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà, ó sì fúyẹ́ bí òwú.

Bàbá Hẹ́nrì, àna wa, ga, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀ díẹ̀. Bí mo ṣe kúnlẹ̀, àwọn náà fẹ́ kúnlẹ̀. Ráṣí sáré dì wọ́n mú. "Háà, bàbá! Ẹ̀yin lẹ fún wa lọ́mọ, àwa la máa kúnlẹ̀!"

Ráṣí ti bá àwọn òyìnbó tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́ rí, òun ló ń túmọ̀ fún wa. Ayàwòrán ilé ni Bàbá Hẹ́nrì, àwọn ni wọ́n máa ń ya bí ilé yóò ṣe rí kí bíríkìlà tó dé. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ilé gbígbé nìkan ni wọ́n ń yà, kì í ṣe báńkì, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, agbègbè olókè kan ṣoṣo tí òjò dídì ti ń rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Igi ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wọn.

"Igi kẹ̀?" Ráṣí ní. "Ikán Ìbàdàn á ti fi gbogbo ẹ̀ jẹ sààrì!"

Nígbà tó túmọ̀ rẹ̀, Bàbá Hẹ́nrì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ikán jẹ àtẹ̀gùn ilé àkọ́kọ́ tí àwọn yà, onílé kò sì kí àwọn mọ́.

Wọ́n ní kí àwọn tó yalé fún ẹnikẹ́ni, àwọn máa ń kọ́kọ́ lọ jókòó nínú ilé tó ti ń gbé, kí àwọn lè rí ibi tí ìyá ń jókòó sí láàárọ̀. Gbogbo ilé wọn ló ní pọ́ọ̀ṣì, tí kò ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé tiwa lọ. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ti sọ nípa ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n bí i sí fún àwọn, àti pé ilé yẹn gan-an ni àwọn wá wò.

Ráṣí kò tètè túmọ̀ ìyẹn. Nígbà tó túmọ̀ rẹ̀ tán, ó wò mí nínú dígí. "Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n wí?"

Mo yíjú sí fèrèsé. Ọsàn tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà ni mo ń wò.

Ní Òkè-Àdó, Bàbá wa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Màámi wọ léèsì, wọ́n wé gèlè. Ọ̀rá tuntun ṣì wà lára àwọn àga. Bàbá Hẹ́nrì ní kí a bun àwọn lómi. Màámi dìde, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kan, ibi tí wọ́n ń kó aṣọ sí ni. Wọ́n ṣí òmíràn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Bàbá wa wúkọ́. Bàbá Hẹ́nrì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń tú okùn bàtà wọn, wọ́n ń so ó, wọ́n tún ń tú u, títí Màámi fi rí ilé ìdáná. Wọn kò gbójú sókè rárá. Bí wọ́n ṣe ń bá wa bo àṣírí wa yẹn ló dójú tì mí jù. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu.

Bàbá wa dúró ti Bàbá Hẹ́nrì. Èmi àti Màámi padà sílé nítorí ìyá àgbà tí a fi sílẹ̀. Nínú takisí Máíkírà, Màámi tú gèlè wọn.

"Ṣé wọ́n rí mi?"

"Wọ́n rí yín, Màámi."

Wọ́n ń ká gèlè náà lé itan wọn títí a fi dé Bẹẹrẹ. Bí a ṣe ń rìn wọ Bẹ́yẹrúnkà, mo wo ògiri wa tó là. Ojú ti máa ń tì mí nítorí rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n kò tì mí rí tó bó ṣe tì mí lórí ilẹ̀ dídán yẹn. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju ìyẹn lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Òkè-Àdó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá wa ṣì ń sùn. Bàbá Hẹ́nrì ti múra, wọ́n jókòó síta. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ sí ọ̀nà, wọ́n sì dìde. A sọ̀ kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ, mo di apá wọn mú kọjá gọ́tà.

Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ró ìró àlòkù mọ́ àyà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. N kò pariwo sí wọn pé kí wọ́n sá wọlé lọ múra. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, àna yín ti dé."