Bàbá Kérésìmesì Oníke Tó Ti Amẹ́ríkà Wá

Nígbà tí èmi yìí ṣì wà lọ́mọdé ní Fìdítì, opó kan ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Gàrí ló yan títí ó fi tọ́ ọmọ náà di tíṣà, tó sì rọ́nà lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà.

Lọ́dún kan, ẹnìkan tó ń bọ̀ láti ọ̀hún bá ọmọ náà gbé páálí kan wá fún ìyá rẹ̀. Ẹ ò bá rí bí a ṣe pagbo yí i ká! Ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì ló kún inú rẹ̀, ike ni gbogbo wọn: áńgẹ́lì tó ń fun fèrè, ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà, àti Bàbá Kérésìmesì kan tó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní gílóòbù ló yẹ kó máa tàn nínú rẹ̀, àmọ́ iná mànàmáná ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá náà ò bìkítà. Ó kó gbogbo rẹ̀ kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtọmọ Mùsùlùmí àtọmọ Kìrìsìtẹ́nì la jọ ń lọ wò ó.

"Ọmọ mi ní òun ń bọ̀ wá bá mi ṣe Kérésì tó ń bọ̀," ló máa ń wí fún wa.

Kérésì ọ̀hún ku díẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wọn kọ́ síta ni, nígbà tí àwọn àgbà ìjọ wọlé tọ̀ ọ́. Bàbá mi wà láàárín wọn. Mọ́tò ti gbá ọmọ náà pa lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀. Láti ilé wa la ti gbọ́ igbe ìyá náà. Ìyá mi ju ọmọ odó sílẹ̀, ó sáré lọ.

Ọdún kọjá, ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀ṣọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Oòrùn ti jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa yẹn ṣá. Ni pásítọ̀ bá wá.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká kó wọn wọlé. Ó tó."

Ó wo pásítọ̀. "Ẹlòmíì lọ́mọ rẹ̀ kú, ó mọ ojú oórì. Tèmi ńkọ́? Ibo lẹ ní kí n máa wò?"

Pásítọ̀ ṣí fìlà. Ó jókòó tì í. Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó kó wọn wọlé mọ́. Ìyá mi a máa bá a pọnmi, àwọn méjèèjì a sì jọ máa fọ eruku ara àwọn ike náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Òjò ńlá kan tó ṣí òrùlé kiri ìlú ló kó wọn lọ. Ìyẹ́ áńgẹ́lì nìkan la rí he nínú kòtò. Ìyá náà ò sunkún. Ṣùgbọ́n kò yan gàrí mọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá mú un lọ sí ìlú Imini, ibẹ̀ ló kú sí.

Lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi, irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ kún ọjà Ọ̀yọ́ fọ́fọ́. Ẹ ó rà á, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi sọ ọ́ sórí ààtàn. Ọmọ tó wà lókè òkun, ìyá rẹ̀ ń rí ojú rẹ̀ nínú fóònù. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àmọ́ tó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ilé á pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ti lọ tán, àwa arúgbó ló kù. Bí igbe bá ta nílé kan báyìí, mi ò mọ ẹni tí yóò gbọ́.