Irun Tí Mo Kó fún Orí Kan Ṣoṣo

Títí dòní, bí òórùn òróró àgbọn bá kàn mí nímú, inú á ti máa bí mi kí n tó mọ ohun tó ń bí mi. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Àgbádárìgì ló máa ń gbé mi padà sí, létí ọ̀sà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se àgbọn lórí iná igi, tí èmi jókòó sórí àga, tí mo fi òwú dúdú há ẹnu, tí orí ẹnì kan wà láàárín orúnkún mi. Ìwọ náà mọ àsìkò tí mò ń wí. Owó epo dé, ọ̀nà ọ̀dà dé Sẹ̀mẹ̀, gbogbo ohun tí ìjọba bá sì ṣe ni àwọn obìnrin fi ń sọ irun lórúkọ. Bí wọ́n bá kọ́ afárá l'Ékòó lónìí, lọ́la o ti rí i lórí wọn.

Àwọn ló ń sọ orúkọ, èmi ni mò ń kó irun. Wọ́n á yìn mí tán, wọ́n á tún fi ẹnu kan náà bú mi: "Ọwọ́ ẹ dáa o, àmọ́ ọkọ ńkọ́? Àbí irun lo máa fẹ́ ni?" Mo ti lé lógún ọdún, mi ò sì wo ojú ọkùnrin kankan. Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀rín ẹ̀tàn tí mo rín nígbà yẹn tó mi í lò dọjọ́ alẹ́.

Ẹni tí mò ń wò ń gbé nílé kejì sí tiwa. Tíṣà ni nílé ìwé ìjọ, obìnrin ẹgbẹ́ mi ni, ọmọ Ègùn tí Yorùbá rẹ̀ máa ń rọra rìn bí ẹni tó ń tẹ iyanrìn gbígbóná. "Nọvi" ló ń pè mí, ìyẹn ọmọ ìyá lédè wọn, nítorí kò sí orúkọ mìíràn tí a lè máa pe ara wa níta. Irọ́ ni jàre, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àfẹ́sọ́nà, òun náà sì nífẹ̀ẹ́ mi, a ò kàn fi ẹnu sọ ọ́ síra wa rí. Ọwọ́ ni mo fi ń sọ tèmi, nígbà tí mo bá ń yà á lórí.

Ní Sátidé kan, mo kó irun kan fún un tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Mo yà á láti ìpàkọ́ wá síwájú, mo fi òwú yí ìdì kọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ wọ́n wọnú ara wọn títí wọ́n fi fẹ̀ lókè orí bí àwọ̀n tí apẹja sá sóòrùn. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, àwọn akọrin fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orin.

O mọ bó ṣe rí nílé wa: irun tuntun kì í ṣe ti ẹnì kan. Tó bá ti jáde, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, á di ti gbogbo ìlú. Èmi ò sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá wá, mo ní kó mú òmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti ta ara mi. Ìlú tí kò fura nígbà tí à ń rìn pọ̀ lọ sétí òkun, irun tí mo fi dù wọ́n ló là wọ́n lójú.

Ìyàwó alàgbà ìjọ wa fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ. Ó kó àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sẹ́yìnkùlé wa, ó ní irun orí tíṣà ni òun fẹ́ fún ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà, mi ò lè kó ìyẹn."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ orí kan ṣoṣo ló yẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú nílẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa. A ti ń gbọ́ nǹkan nípa ẹ̀yin méjèèjì. Tó o bá kó o fún ọmọ mi, a jẹ́ pé irun lásán ni. Tó ò bá kó o, a ti mọ ohun tó jẹ́ nìyẹn, ọ̀rẹ́ ẹ ò sì ní kọ́ ọmọ wa mọ́."

Ìyá mi bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, irun ni o! Kó o fún wọn, má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ." Òótọ́ ni ìyá mi sọ, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Àmọ́ ọwọ́ mi kọ̀.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe tíṣà. Wọ́n fi í jókòó sórí àpótí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun náà ní ìdì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ bí mo ṣe kó o. Wọ́n ń fa òwú já, orí rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà gan-an ló wọ́ orí yìí, ojú ò tì wọ́n. Ìyàwó alàgbà fẹnu sí i létí: "Tíṣà, sọ fún un kó kó o. Tìẹ ló máa gbọ́."

Ó gbójú sókè, apá kan irun ti tú bò ó níwájú orí. "Kì í ṣe ẹjọ́ tiẹ̀, mà. Èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ kó o fún ẹlòmíì. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Irọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wò mí, mo dákẹ́.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, lódìkejì ibodè, wọn ò jẹ́ kí n dágbére fún un. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó irun mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti sọ ọ́ ní "Owó Epo". Kí wọ́n tó kọ orin kejì tán, irun ti wọ́, ó ti ń ṣubú sójú ìyàwó. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín! Mo rín in sókè, gbogbo ìjọ yíjú wò mí, mo sì jáde. Mi ò wọ ibẹ̀ mọ́.

Ìlú Ọ̀tọ̀, lọ́nà Èkó, ni mo ti ń ṣe irun báyìí, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Owó epo ti lọ, Owó Epo orí wọn náà ti lọ, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Àwọn kan lára àwọn obìnrin ọjọ́sí máa ń yà kí mi, wọ́n á ní, "Ìyá onírun, ẹ kú iṣẹ́." Mo máa ń dá wọn lóhùn, mi ò sì tíì dárí jì wọ́n. Ohun gbogbo tí ìlú yẹn sọ nípa mi ni wọ́n sọ sókè, ní gbangba, láìbẹ̀rù. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé ibẹ̀, irọ́ tí tíṣà pa lọ́jọ́ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ẹnikẹ́ni sọ lórí mi tí àwọn náà gbọ́.